Kí Ẹ Tó Wọkọ̀ Lọ sí Òde Ùgbò

Bí ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ lọ wo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú sánmà ní apá òkè Norway, yóò ṣe ìwádìí títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi sú àwọn ará ilé rẹ̀. Yóò béèrè irú ẹ̀wù òtútù tí wọn yóò yá a, iye èèyàn tí wọn yóò kó sínú ọkọ̀ kan, bí ẹni tí yóò mú wọn kiri ṣe mọ ibẹ̀ tó, àti bí owó rẹ̀ yóò ṣe padà sọ́wọ́ rẹ̀ bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí, torí ọlọ́gbọ́n ló ń béèrè ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ẹni yìí kan náà wálé lásìkò Kérésì, kí ó ní òun fẹ́ fojú rí ilẹ̀ Ìlàjẹ, bó bá ti dé èbúté Igbókòdá, ìbéèrè kan péré ló máa bi àwọn ọlọ́kọ̀: "Èèló ni?" Ẹni tó bá kọ́kọ́ dá a lóhùn ni yóò gbé e lọ.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Omi Ìlàjẹ fẹ̀, ó lẹ́ka, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Kì í ṣe ewu nìkan ni mo sì ń sọ. Ẹni tí kò fara balẹ̀ yan ẹni tí yóò mú un kiri lè lọ kó sì bọ̀ láìfarapa, síbẹ̀ kó má rí nǹkan kan ju omi, koríko àti ilé orí òpó lọ. Èrò tèmi ni pé ibi tí à ń lọ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ yàn, ẹni tí yóò mú wa lọ ni. Bí ẹni náà bá ti pójú owó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tó yẹ ká yà sí, ọjọ́ tó yẹ ká gbéra, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ dé lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ ọ̀hún ṣe tẹ́ sí. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ ti parí sínú òkun. Igbókòdá ni olú ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá ti Èkó bọ̀ yóò gba Orè, yóò kọjá ní Òkìtìpupa, kó tó já sí èbúté yẹn. Ibẹ̀ ni odò Olúwa tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè ti ń pàdé àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Àwọn bàbá wa kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Orè yẹn sí ohun tó pọn dandan. Láti Èkó, wọ́n á gba orí ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n á máa tukọ̀ lọ dé Àtíjẹ̀rẹ́, kí wọ́n tó wọ omi Máhìn. Láti Igbókòdá lọ sísàlẹ̀ ni ẹ ó ti máa gbọ́ orúkọ bí Òde Ùgbò, Ùgbònlá, Ayétòrò, Àwòyè, Mólùtẹ́hìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, lórí ẹrẹ̀ àti omi ni wọ́n tẹ̀dó sí. Orí òpó ni ilé wà, afárá pákó sì ni títì.

Ẹrẹ̀ tí mo dárúkọ yẹn ṣe pàtàkì fún àlejò. Láti Èkó bọ̀, yanrìn ni etíkun. Ní Àràròmí tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn Ìlàjẹ, ẹ ṣì máa rí yanrìn tó mọ́, tí ọmọdé lè máa sá eré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń lọ síhà ìlà oòrùn, yanrìn á pòórá, ẹrẹ̀ dúdú á bẹ̀rẹ̀, títí ẹ ó fi kan àwọn odò ìhà Niger Delta. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tilẹ̀ ya etíkun Máhìn sọ́tọ̀ nínú ìwé wọn torí ẹrẹ̀ yìí. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ìgbádùn etí òkun lẹ ń wá, tí ẹ fẹ́ tẹ́ ẹní kí ẹ sì jẹ ẹja yíyan, ẹ lọ sí Àràròmí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ùgbò kì í ṣe ibi yanrìn, ẹni tó bá sì sọ fún yín ní Èkó pé òun á mú yín lọ "bíìṣì" ní Ùgbò kò tíì débẹ̀ rí.

Ìtàn kan wà ní Norway tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ gbọ́. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba ibẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé lẹ́tà àti ẹrù lọ sí àwọn ìlú apá àríwá, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà òtútù. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kọ̀ ọ́. Ilé iná tó ń tọ́ka ọ̀nà fún ọkọ̀ kò tó nǹkan, àwòrán ojú omi kò pé, òkùnkùn ìgbà òtútù sì ń gùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé nílùú Tromsø, láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìn-ín-ní, oòrùn kì í yọ rárá. Richard With ló gba iṣẹ́ náà. Òun àti atọ́nà rẹ̀, Anders Holte, ti ń kọ ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: ìhà tí a ó kọjú sí, bí a ó ṣe sáré tó, iye ìṣẹ́jú tí a ó lò kí a tó yà. Pẹ̀lú ìwé yẹn, aago àti kọ́ńpáàsì, wọ́n lè rìn nínú òkùnkùn biribiri. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1893, ọkọ̀ Vesteraalen gbéra ní Trondheim lọ sí Hammerfest. Ọkọ̀ lẹ́tà yẹn ló di Hurtigruten, tó ń lọ láti Bergen títí dé Kirkenes, tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ gbogbo ayé ń sanwó gọbọi láti wọ̀ lónìí.

Ohun méjì ni mo rí kọ́ nínú rẹ̀. Ìmọ̀ àtukọ̀ ló gbé ọkọ̀ yẹn débi tó dé, kì í ṣe bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi. Ìkejì ni pé ọkọ̀ àwọn ará ìlú ni kó tó di ọkọ̀ afẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó wọ̀ ọ́ fi ń rí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ní ti tòótọ́. Ní Ìlàjẹ, àwọn àtukọ̀ wa kò kọ ọ̀nà sínú ìwé. Orí ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àgbà àtukọ̀ mọ ibi tí kùkùté wà lábẹ́ omi, ó mọ ibi tí àwọn apẹja ta àwọ̀n sí lánàá, ó mọ ẹ̀ka odò tí koríko ti dí. Ní 1984 ni ewéko orí omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth kọ́kọ́ gba apá Badagry wọ omi ilẹ̀ wa. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri, ọ̀nà tó là láàárọ̀ lè dí lọ́sàn-án. Bí ó bá lọ́ mọ́ abẹ ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ dúró nìyẹn.

Báwo wá ni ẹ ó ṣe dá ẹni yẹn mọ̀ ní èbúté tí gbogbo èèyàn ti ń pariwo pè yín? Ẹ má ṣe yára. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá tó ń ta ẹja, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá béèrè pé, "Ìyá, ta ni ẹ̀yin máa ń bá lọ sílé?" Ìbéèrè yìí dára ju ká béèrè àtukọ̀ tó dára jù lọ. Ìyá tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ edé àti ẹja gbígbẹ lọ tó ń gbé e bọ̀ kò ní fi ọjà rẹ̀ àti ẹ̀mí rẹ̀ lé aláìmọ̀kan lọ́wọ́. Bí ìyá mẹ́ta tí kò jókòó pọ̀ bá dárúkọ ẹnì kan náà fún yín, ìwádìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí omi díẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ pákó, kò burú, pákó ń mu omi. Ohun tí ẹ ó wò ni bóyá igbá tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí wà nínú rẹ̀ láti fi gbọ́n ọn dànù. Ẹ wo ìdí ẹ́ńjìnì. Okùn kékeré kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àtukọ̀ so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tàbí mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, kó lè jẹ́ pé bó bá ṣèèṣì já sómi, ẹ́ńjìnì yóò kú lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ kò ní sá lọ tàbí kó padà wá gé èèyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ló ti yọ okùn yìí sọ nù, wọ́n á fi páálí tàbí wáyà há ibẹ̀ pa. Ẹ má wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì. Ẹ béèrè bóyá púlọ́ọ̀gì mìíràn wà, àti bóyá bẹntiróò tó wà nílẹ̀ á gbé wa lọ, á sì gbé wa bọ̀. Mo bi bàbá àgbàlagbà kan bẹ́ẹ̀ rí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, bí ẹ́ńjìnì bá kú fún wa lójú omi ńkọ́?"

Kò bínú. Ó fẹsẹ̀ ti àjẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ sọ́dọ̀ mi, kí n lè rí ibi tí ọwọ́ ti gbá a dán. "Ọmọ mi, èyí ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Ẹni tí a bi léèrè tó wá ń jágbe mọ́ wa pé ṣé ẹ̀rù ń bà wá ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọjá.

Ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò gba àríyànjiyàn. Àjọ NIWA, tí òfin ọdún 1997 gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀ wa, ti pàṣẹ pé gbogbo èrò ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kí ọkọ̀ èrò má sì rìn lóru. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí kò dùn mọ́ mi nínú: wọ́n á kó o jọ sí ìdí ọkọ̀, àwọn èrò á jókòó lé e bíi tìmùtìmù. Ẹ wọ tiyín, ẹ so gbogbo okùn rẹ̀ pa, kí ẹ di ibi èjìká rẹ̀ mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí yín, ó ti tóbi jù, ẹ gba òmíràn. Ẹni tó bá ń mú ọmọ kékeré lọ gbọ́dọ̀ tètè béèrè ti ọmọdé, torí èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ti àgbàlagbà ni. Bí wọn kò bá ní, ẹ rà á láti Èkó tàbí Àkúrẹ́ dání.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àlejò lè gbà lọ. Ó lè ṣe ṣátà, kí ọkọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó lè wọ ọkọ̀ èrò. Ó sì lè sanwó fún àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò afẹ́ láti Èkó, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún un bí oúnjẹ inú abọ́. Ọ̀nà kẹta yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan kí owó tó jáde: ta ni ọmọ Ìlàjẹ tí yóò wà pẹ̀lú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èló sì ni yóò gbà nínú owó yìí? Bí ìdáhùn bá di kọ́lọkọ̀lọ, ẹ ti mọ̀ pé ìlú wa lásán ni wọ́n ń tà, àwọn èèyàn wa kò jẹ nínú rẹ̀. Àwọn Sámì tó ń da àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín ní òkè Norway, Sweden àti Finland náà ti ń jà fún èyí, pé àwọn tó ni ilẹ̀ ni kó máa mú àlejò rìn nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ ìtàn ara wọn.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ọkọ̀ èrò ni mo máa ń fẹ́, pàápàá lọ́jọ́ ọjà. Ẹ ó jókòó láàrin àwọn tó ń gbé àpò púpurú, ìkòkò, rọ́bà ìrẹsì àti ọmọ ilé ìwé. Ọkọ̀ yóò dúró níbi tí ẹ kò mọ̀ pé ènìyàn ń gbé, ìyá kan yóò nawọ́ láti ojú fèrèsé gba ẹrù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ mú ọmọ ìlú kan dání tí yóò máa ṣàlàyé, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún un, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Ẹni tó ní arúgbó tàbí aláìsàn lọ́dọ̀, tàbí tó fẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó ṣe ṣátà. Ọkọ̀ èrò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oṣù kejìlá ló dára jù, torí ìgbà náà ni ìsinmi wà. Òjò kò sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè mú kùrukùru wá láàárọ̀ tó jẹ́ pé ẹ kò ní rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Àtukọ̀ tó mọṣẹ́ yóò ní kí ẹ dúró kí oòrùn kọ́kọ́ là á, bí ẹ tilẹ̀ ń kanjú. Láti oṣù kẹfà títí dé ìkẹsàn-án, òkun máa ń ru, ìgbì rẹ̀ á ga, òjò á sì máa dí ojú ọ̀nà. Bí ẹ bá gbọdọ̀ lọ nígbà náà, ẹ má kúrò nínú àwọn odò inú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ojú òkun gan-an gbé yín torí pé ó yá. Ní tèmi, oṣù kejì àti ìkẹta ló tura jù.

Wákàtí náà tún wà. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún, lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń fà, a sì máa fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Nínú àwọn odò tó ṣí sí òkun, ibi tí ọkọ̀ ti kọjá wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ lè di ẹrẹ̀ lọ́sàn-án, kí ọkọ̀ gúnlẹ̀, kí ẹ jókòó sínú oòrùn títí omi yóò fi padà dé. Nítorí náà, nígbà tí àtukọ̀ bá sọ pé aago méje la ó gbéra, ẹ má wulẹ̀ gbà pé agídí ló ń ṣe. Omi ló ń bá ṣírò. Ní àwọn erékùṣù Svalbard lókè Norway lọ́hùn-ún, òfin ni pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò láàrin ìlú gbọ́dọ̀ mú ohun tí yóò fi lé béárì funfun dání, ìdí nìyẹn tí àlejò kì í fi í kọjá òde ìlú láìsí atọ́nà tó gbébọn. Kò sẹ́ni tó ń bá atọ́nà yẹn jiyàn. Ọ̀wọ̀ kan náà ló yẹ ká fún ẹni tó bá ní kí a dúró ní Igbókòdá.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Òde Ùgbò fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ààfin Olúgbò wà. Ọba Fredrick Obateru Akinruntan ló wà lórí ìtẹ́, láti 2009. Ibi yìí ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹni tó mú yín wá tó bẹ́ẹ̀, torí ìtàn Ùgbò kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè já gbà lójú ọ̀nà.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Mọrèmi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Igbò ń wá láti inú igbó, wọ́n fi imọ̀ àti koríko bo ara, Ifẹ̀ rò pé iwin ni wọ́n, wọ́n ń sá fún wọn. Mọrèmi jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ọba wọn fi í ṣaya, ó mọ àṣírí wọn, ó sá wálé, ó ní kí wọ́n fi ògùṣọ̀ pàdé wọn. Bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun nìyẹn, Mọrèmi sì fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo san ẹ̀jẹ́. Ifẹ̀ ṣì ń rántí rẹ̀ nínú ọdún Ẹdì. Níbi tí ẹlòmíràn máa ń parí ìtàn náà sí ni ti Ùgbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ùgbò ní àwọn làwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe olè tó wá láti inú igbó, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ni Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, ilẹ̀ àwọn làwọn ń jà fún. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́, wọ́n rìn gba inú igbó títí wọ́n fi dé etí òkun, níbi tí ilẹ̀ kò ti sí mọ́ láti sá lọ.

Mi ò ní kí ẹ gbe ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdúró ní Òde Ùgbò, kí ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ sọ ìtàn yìí láti ojú ìwòye ti wọn, jẹ́ nǹkan tí kò sí ní ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá gbé yín débẹ̀, tó ní "ààfin rèé, ẹ ya fọ́tò", tó tún ní ká máa lọ, ti jẹ yín ní gbèsè. Kí ẹ tó gbéra ní Igbókòdá, ẹ bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbọ́ nípa Ùgbò àti Ifẹ̀?" Bí ojú rẹ̀ bá tàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, ẹ ti rí atọ́nà.

Òun náà ló yẹ kó ránṣẹ́ síwájú bí ẹ bá fẹ́ wọ ààfin. A kì í já lu ọba. Àwọn ìjòyè á fẹ́ mọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ bá wá. Ọkùnrin á ṣí fìlà, á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Àwọn ojúbọ kan sì wà, bíi ti Málòkun, òòṣà òkun, tó jẹ́ pé ọjọ́ kan wà tí àlejò lè dé ìtòsí wọn, ọjọ́ kan sì wà tí kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ má gbé kámẹ́rà sókè láìgbàṣẹ. Ìkìlọ̀ yìí kan ibùdó àwọn ológun ojú omi ní Igbókòdá àti gbogbo ibi tí àwọn iléeṣẹ́ epo bá wà. Fóònù tí a gbé sókè níbẹ̀ lè sọ ìrìn afẹ́ di ọ̀rọ̀ àgọ́ ológun.

Atọ́nà tó bá mọ̀wé díẹ̀ á tún sọ fún yín nípa Máhìn, ìlú tí Amápetù jẹ́ ọba rẹ̀, pé ní 1885 ni iléeṣẹ́ G. L. Gaiser ti Hamburg bá ọba ibẹ̀ ṣe àdéhùn, tí ilẹ̀ náà fi di ti Jámánì fún oṣù mélòó kan. Ọdún náà kò parí kí Jámánì tó fi í sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ayétòrò ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń fẹ́ rí lẹ́yìn Ùgbò, ibẹ̀ sì ni yíyan ẹni tó mọ̀wàá-hù ti le jù. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Holy Apostles tẹ ìlú náà dó. Wọ́n para pọ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n pín oúnjẹ àti aṣọ, kò sí pé tèmi tìrẹ. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní, àwọn ọ̀mọ̀wé láti òkè òkun wá wò wọ́n, wọ́n sì kọ̀wé. Ìlú Ayọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ogeloyinbo ni oyè ọba wọn. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn ibẹ̀ lọ. Ẹni tó bá bá yín lọ lè nawọ́ sí ojú omi, kó ní: ibi ìgbì yẹn ni ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà.

Ẹrẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà nínú ohun tó fà á. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ó rọ̀, kò lè dúró fún ìgbì bíi ti yanrìn tó ga. Òkun gbogbo ayé náà sì ń ga sí i. Lápá Àwòyè àti Mólùtẹ́hìn, àwọn odò àtọwọ́dá tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo ló ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀ wọ inú irà tí omi rẹ̀ kò níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Igi kú, ẹja inú irà sá, omi tí wọ́n ń mu bàjẹ́. Nígbà tí gbòǹgbò igi kò bá sí mọ́, kí ni yóò di ẹrẹ̀ mú? Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn ará Ayétòrò ti ń kígbe sí ìjọba pé kí wọ́n bá àwọn dí òkun.

Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ bí ẹni ń lọ wo sinimá. Ilé olóòótọ́ èèyàn ló wó. Atọ́nà rere á mú yín lọ kí àwọn àgbà ìlú ná, kó tó mú yín dé etí òkun. Á jẹ́ kí ẹ jẹun lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ ibẹ̀, kí ẹ ra ẹja ibẹ̀, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àti ọmọ, kì í ṣe nípa omíyalé nìkan. Á ní kí ẹ bi èèyàn kí ẹ tó ya àwòrán ilé rẹ̀ tó wó. Èyí tó bá sì ń pe àwọn ọmọdé pé kí wọ́n wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù kí àlejò lè ya wọ́n, ẹ má gbà fún un, kódà bí ẹ ti sanwó fún un.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù kò gba ẹjọ́ púpọ̀. Ẹ gbé omi tí ẹ ó mu dání. Ẹ fi ọ̀rá di fóònù. Ẹ mú owó kéékèèké lọ́wọ́, torí kì í ṣe ibi gbogbo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà tí ẹ ó fi ránwó. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́ lórí afárá pákó. Bí ẹ bá fẹ́ sùn síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ ṣáájú, kí atọ́nà lè bá yín wá ilé tó ní àwọ̀n ẹ̀fọn.

Owó ló kù. Ẹ dúnàádúrà, kò burú, ọjà ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn pé iye bẹntiróò lójú omi kì í ṣe iye tó wà ní Òkìtìpupa, wọ́n ń gbé e wá ni. Bí àtukọ̀ kan bá gbà láti gba ìdajì ohun tí àwọn yòókù ń gbà, yóò wá ibì kan tí yóò ti gba ìyókù padà, ó lè jẹ́ kí ó kó èrò kún ọkọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó sì lè jẹ́ kí ó dín bẹntiróò kù. Ẹ fi ẹnu kò lórí iye náà níṣojú ẹnì kan tó mọ̀ yín méjèèjì, ìyá ẹlẹ́ja yẹn tún wúlò níbí. Ẹ san ìdá kan kí ó fi rẹpo, ẹ fi ìdá kejì sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá padà. Ẹ sì jọ sọ aago tí ọkọ̀ yóò kúrò ní Ùgbò. Aago mẹ́ta ọ̀sán dára, ó pẹ́ jù, mẹ́rin, kí ilẹ̀ tó ṣú kí ẹ ti gúnlẹ̀ ní Igbókòdá. Bí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ bọ̀ ní Ùgbò lẹ́yìn aago mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n bá yín dì í.